Kókó, Ọ̀já àti Píìnì: Ìtàn Ohun tí A Fi Ń De Aṣọ Mọ́ra ní Ìtórí àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn aṣọ ilẹ̀ Yorùbá, òwú, aró, òfì àti àdìrẹ ni wọ́n sábà máa ń gbájú mọ́. Wọn a sọ bí a ti ń ran òwú, bí a ti ń hun ún, bí a ti ń rẹ ẹ́ láró, àti ẹni tí ó ń jèrè lórí rẹ̀. Ní ti ohun tí ó mú aṣọ náà dúró lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó bèèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ tí kò bá dúró lára kò tíì di aṣọ; ìgàn lásán ni.

Ìtàn ohun kékeré yìí ni mo fẹ́ tọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí: kókó, ọ̀já, ìjàrá, àti píìnì tí ó dé bá wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro píìnì kì í ṣe ìṣòro irin. Ìṣòro ọwọ́ ni. Àwọn tí ó ń ṣe píìnì ti ro bí irin yóò ti mú aṣọ, wọ́n sì ti ro bí a ó ti ṣe púpọ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ro ti ìka tí yóò ṣí i, tí yóò sì pa á dé. Àwọn ìyá wa gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé aṣọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìtórí ni mo dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ó wà. Òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò. Títì tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta kọjá níbẹ̀, ojú irin àtijọ́ sì kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ojú irin yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà ni ọjà àtẹ tí ó ń bọ̀ láti etí òkun ti ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìtórí kọjá kí ó tó dé Lafẹ́nwá tàbí Ìtòkú, píìnì sì wà lára rẹ̀.

Aṣọ tí ó ń di ara rẹ̀ mú

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìró. Obìnrin a ta aṣọ yí ìbàdí, a fa etí kan lé èkejì, a wé e, a sì ki igun rẹ̀ bọ abẹ́. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí bọ́tìnì. Bí aṣọ ti ń fà mọ́ aṣọ, tí ó sì tún ń fà mọ́ ara, ni ó mú un dúró. Bí ó bá fẹ́ tú, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dẹ̀, ẹni tí ó ró o yóò sì ti mọ̀ tipẹ́ kí ó tó tú. Yóò tún un ró láì dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Píìnì kò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mú, ó ti já.

Ọ̀já ìpọnmọ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ. Ẹrù tí a fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe igi tàbí àgbàdo. Ọmọ ni, tí ó ń mí, tí ó ń ta ẹsẹ̀, tí ó ń sùn tí orí rẹ̀ sì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọmọ ti ń wúwo sí i ni kókó iwájú ń le sí i, nítorí pé ìwúwo náà gan-an ni ó ń fà á. Ìyá lè dì í ní òru láì tan iná. Ó lè tú u pẹ̀lú ọwọ́ kan nígbà tí ọwọ́ kejì wà ní ìdí ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní ohun èlò tí ó rọrùn láti lò, kí ó wo ọ̀já dáadáa kí ó tó lọ wo ohun tí ó wà nínú ìwé.

Ìjàrá ṣòkòtò náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Okùn ni, nínú ìpakò tí a rán mọ́ ẹnu ṣòkòtò. Ọkùnrin a fà á le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí iyán tí ó jẹ bá ti pọ̀ tó. Ṣòkòtò kan náà lè bá ènìyàn láti ìgbà tí ó fi rù títí di ìgbà tí ó fi yọ ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí aṣọ tí a ń so owó mọ́, tí ìyá ọjà ń ki bọ ìbàdí, tí ó ń fi ìka mọ̀ bóyá owó náà pé, láì yọ ọ́ síta fún olè láti rí.

Ohun kan wà tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Kò sí èyí tí ó béèrè ojú. Ìmọ̀lára ọwọ́ tó wọn. Kò sì sí èyí tí ó béèrè orí ìka méjì péré. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń ṣe é. Ìdí rèé tí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí oríkèé ìka rẹ̀ sì ti wú, fi lè máa ró aṣọ fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́.

A lè bèèrè bóyá àìmọ irin rọ ni kò jẹ́ kí àwọn baba ńlá wa ní ohun ìkọ́ṣọ onírin. Ìbéèrè yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ó rọ orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí 600 sí 800 ọdún sẹ́yìn kì í ṣe ẹni tí wáyà kékeré lè dà láàmú. Ìlú tí kò ní alágbẹ̀dẹ kò sí nílẹ̀ yìí. A ní abẹ́rẹ́. A ní ìkótí tí onídìrí ń lò. Aṣọ nìkan ni a kò fi irin há.

Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, wà nínú irú aṣọ àti ibi tí ìwúwo rẹ̀ gbé wà. Ẹ wo àríwá Áfíríkà. Àwọn obìnrin Amazigh, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Berber, ní aṣọ wíwé tiwọn, ṣùgbọ́n èjìká ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí, pẹ̀lú ìkọ́ fàdákà ńlá ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn ará Yúróòpù ti ní irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ láti ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí idẹ ṣì ni olórí irin wọn. Aṣọ onírun àgùntàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí. Ihò rẹ̀ fẹ̀, irin gbọọrọ ń gba inú rẹ̀ kọjá láì já òwú. Ti òfì yàtọ̀. Ó ki, ó wúwo, híhun rẹ̀ sì há; bí a bá fi tipátipá gún un, yálà irin ni yóò tẹ̀ tàbí òwú ni yóò já. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìbàdí tàbí àyà ni a ń ró o mọ́, níbi tí gbogbo ara ti lè gbà á yípo. Ibi tí ìwúwo kò ti rọ̀ mọ́ ojú kan, kò sí iṣẹ́ fún ìkọ́.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Ọ̀ràn tí ó ta kókó ni a máa ń pa á fún, àwọn tí ó sì ń túmọ̀ òwe kì í kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òwe, ohun tí ẹnìkan fi ojú rí ni. Abẹ́rẹ́ dára fún ọwọ́ tí ìka rẹ̀ pé. Lọ́wọ́ ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́, ète ni, ohun tí a ní láti jókòó ro. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti rí i pé irin kékeré ń yan ọwọ́ tí yóò lò ó.

Píìnì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839. Henry Townsend dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní 1843, ìjọ C.M.S. sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Pẹ̀lú wọn ni aṣọ gígé dé, pẹ̀lú ọrùn, apá àti ìbàdí tí a rán mọ́ ara. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì a máa kọ́ ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Ìyípadà tí èyí mú wá ju ti ojú lásán lọ. Aṣọ tí a gé mọ́ ara kò lè di ara rẹ̀ mú. Bí a bá ti gé ọrùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí fi lè wọlé, a ní láti wá ohun tí yóò tún pa á dé. Bọ́tìnì, ìkọ́ àti píìnì di ohun tí a kò lè ṣe aláìní.

Píìnì ìgbà náà ni píìnì gbọọrọ, tí ó ní orí lápá kan tí ó sì mú lápá kejì. Òun náà ni Adam Smith fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ní 1776. Ó ní a pín iṣẹ́ píìnì sí nǹkan bí 18, àti pé ènìyàn 10 lè ṣe ohun tí ó lé ní 48,000 ní ọjọ́ kan. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kò tíì dákẹ́ lórí ojú ìwé náà láti ìgbà yẹn. Ohun tí èmi ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé gbogbo ọwọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe píìnì. Ọwọ́ obìnrin tí yóò fi há ọrùn aṣọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1849 ni Walter Hunt, ará Níú Yọ́ọ̀kì, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 6,281, lórí píìnì tí ó ń pa ara rẹ̀ dé. Wọ́n máa ń sọ pé gbèsè dọ́là 15 ni ó jẹ́ kí ó jókòó tì í, àti pé dọ́là 400 ni ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wáyà ẹyọ kan ni. Ó ká a ní ìdí láti fi ṣe sípíríìngì, ó sì fi àkọ̀ sí orí tí ẹnu mímú yóò máa sá sí. Hunt kò ṣàì mọ ohun tí ó ń ṣe: kò sí oríkèé tí yóò já, ẹnu kò sì ní gún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ọdún 3 ni iṣẹ́ rẹ̀ fi kẹ́yìn dídé ìjọ C.M.S. sí Abẹ́òkúta, píìnì tí àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ kó wá kò lè jẹ́ irú tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí ojú irin dé ni píìnì di ọjà àtẹ tí ó wọ́pọ̀. Títí di òní, bí alátẹ wóróbo bá kọjá ní Ìtórí, ẹ ó rí i ní ìdì, láti kékeré dé ńlá, tí a fi há ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ni ó yẹ kí a wò. Píìnì kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìró, kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀já. Ibi tí kókó kò lè dé ni ó lọ: ìlédìí ọmọ ìkókó, ẹnu bùbá tí ó fẹ̀ jù, síìpù tí ó bàjẹ́ lójú àlejò, òkùn bàtà tí ó já. Àgbà obìnrin a fi ẹyọ kan há inú aṣọ rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí a kò mọ̀.

Ibòmíràn tí ó lọ ni ibi ìbọlá. Ẹgbẹ́ Mothers' Union, tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, ní báàjì tí àwọn ìyá ìjọ Áńgílíkà ń há sí àyà. Níbi òkú àgbà, àwọn ọmọ olóòkú a máa há báàjì tí àwòrán olóògbé wà lórí rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì olókùúta dídán náà ti di ẹ̀ṣọ́ orí gèlè àti ìpèlé lóde àríyá.

Ẹyọ kan wà tí ó yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Aboyún a máa fi píìnì há ara aṣọ rẹ̀ bí ó bá fẹ́ jáde ní ọ̀sán gangan tàbí lóru, kí ẹ̀mí burúkú má baà bá ọmọ inú rẹ̀ pààrọ̀. Àṣà yìí wọ́pọ̀ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ń ṣe é, nígbà mìíràn láì sọ ọ́ síta. Píìnì náà kò di ohunkóhun mú. Aṣọ kò ní tú bí a bá yọ ọ́. Irin ni ó jẹ́, irin sì jẹ́ ti Ògún; a ti ń fi irin sí ẹsẹ̀ àbíkú kí Hunt tó jẹ gbèsè. Ohun tí a ṣe ní Níú Yọ́ọ̀kì láti pa aṣọ dé, ilẹ̀ yìí fi pa ọ̀nà dé mọ́ àjèjì. Bí ẹnìkan bá ń rò pé àwọn ènìyàn wa kàn ń gba ọjà òyìnbó bí ó ti wà ni, kí ó wo ibí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Nígbà tí ìjà owó orí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń gbóná ní àwọn ọdún 1940, èyí tí ó yọrí sí pé Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè ní 1949, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó sì ń ró ìró bíi ti àwọn ìyá ọjà. Ìtumọ̀ òṣèlú rẹ̀ ni àwọn òpìtàn sọ, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé olùkọ́ tí ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti obìnrin tí kò mọ ìwé ń fi ìka kan náà ki etí aṣọ kan náà bọ ìbàdí láàárọ̀.

Ọwọ́ tí ó ń pa píìnì dé

Wàyí o, kí ni ó ṣòro nínú píìnì? Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan ní láti di aṣọ mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ní láti tẹ wáyà borí agbára sípíríìngì. Ojú ní láti tọ́ ẹnu mímú náà lọ sínú àkọ̀ tí kò fẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kì í tilẹ̀ mọ̀ pé mẹ́ta ni. Ìyá tí ó ti pé 70 ọdún, tí làkúègbé wà ní oríkèé ìka rẹ̀, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ti búrọ́ọ̀ṣì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ náà ni píìnì rẹ̀ wà, lábẹ́ àgbọ̀n ẹni tí ó ń há a. Bí ó bá wo dígí, ọ̀tún ti di òsì.

Àwọn tí ó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì ṣe àtúnṣe. Ní àtijọ́, ìkọ́ ṣíṣí lásán ni ẹnu píìnì rẹ̀ ń sinmi lé. Ní ọ̀rúndún ogún ni ìkọ́ tí ó ní ìdérí yíyí wọ́pọ̀. Àtúnṣe náà dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí wúrà òun sọnù. Fún ìka, ìṣòro ni ó fi kún ìṣòro: ìdérí náà kéré ju píìnì lọ.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i pé wọ́n ro ọwọ́ kí wọ́n tó ro irin ni píìnì ìlédìí. Ọmọ ń gbé píìnì ṣíṣí mì, dókítà sì ń rí i. Ọwọ́ ìyá sì máa ń tutù lákòókò tí ó ń lò ó. Nítorí náà, wọ́n fi orí oníke ńlá aláwọ̀ sí i, tí a lè gbá mú, tí ó sì ń tì pa. Orí náà tóbi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n rántí ìyá. Kò pẹ́ tí ìlédìí alálẹ̀mọ́, tí a ń lò tí a sì ń sọ nù, fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìmọ̀ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì.

Píìnì gbọọrọ kò tíì kú. Àwọn tí ó ń fi wé gèlè ṣì ń lò ó, àwọn obìnrin Mùsùlùmí sì ń fi di híjáàbù. Nítorí pé ọwọ́ méjèèjì wà lára aṣọ, ẹnu ni a ń fi píìnì sí; bí ẹni náà bá rẹ́rìn-ín tàbí tí ó bá húkọ́, ó lè fà á wọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn oníṣègùn ní Íjíbítì àti Tọ́kì ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí. A kò lè fi àìbìkítà nìkan ṣàlàyé èyí. Ohun èlò tí ó béèrè ọwọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlẹ́ni méjì, ẹnu ni yóò fi ṣe ẹ̀kẹta.

Òòfà ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí dípò rẹ̀: ẹyọ kan lókè aṣọ, ẹyọ kan lábẹ́. Kò gún, kò lu aṣọ, ìka tí ó wú pàápàá lè lò ó. Ṣùgbọ́n agbára òòfà ń dín kù kíákíá bí àlàfo àárín rẹ̀ bá ti ń fẹ̀. Ó mú híjáàbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí a bá fi há ìpèlé aṣọ òkè tí a ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò ṣubú kí àríyá tó gbóná. Òfì tí kò gbà fún píìnì kò gbà fún òòfà náà. Kò sì yẹ fún ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí ilé tí ọmọdé ti ń ki nǹkan bọ ẹnu, nítorí pé òòfà méjì nínú ìfun a máa fa ara wọn mọ́ra, wọn a sì dá ìfun lu.

Bí wọ́n bá ní kí n sọ èrò mi, n ó ní kí a ya ẹ̀ṣọ́ kúrò lára ìdè. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹwà rẹ̀ wà níwájú, okùn tí ó dì í wà lẹ́yìn, kò sì gún aṣọ kankan. Búrọ́ọ̀ṣì tí a rán mọ́ ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ìgbànú náà sì ń gba abẹ́ ìpèlé kọjá lọ sí ìkọ́rọ́ tí a ti rán sí èjìká bùbá, yóò dúró lórí òfì, ìyá àgbà yóò sì lè so ó láì wo dígí. Bí a kò bá lè ṣe aláìlo píìnì, kí orí rẹ̀ tóbi tó èyí tí gbogbo ìka lè gbá mú, kí ojú àkọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu àrọ, kí ẹnu mímú náà lè máa yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀.

Àwọn aránṣọ kò dúró de ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìró àránsílẹ̀ ti wà, tí ó ní síìpù tàbí Velcro, ohun tí George de Mestral ará Switzerland hùmọ̀ lẹ́yìn tí ó wo bí èèmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ irun ajá rẹ̀ ní 1941. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni gèlè àwésílẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń pè ní auto-gèlè, ti gba òde. A ti ṣẹ́ ẹ, a ti rán an, kò sí píìnì kankan nínú rẹ̀. Obìnrin kàn ń dé e bí fìlà ni. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, okùn kan wà nínú ìpakò tí a rán, tí a ń fà le, tí a sì ń ta ní kókó gẹ́gẹ́ bí orí ẹni bá ti tóbi tó. Ìjàrá ṣòkòtò ni.